Ọjọ́ orí kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù, oorun yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 68 ni mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré oníjòkòó mẹ́rin ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀. Oògùn méjì ni mò ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìtọ̀ ń jí mi lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, ìyàwó mi sì ní mo ń hanrun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà mo máa ń lo oògùn oorun kan tí wọ́n ń tà láìgba ìwé dókítà. Láìpẹ́ yìí, bí mo ṣe ń balẹ̀ nírọ̀lẹ́, iná ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà ń tàn yanran sí mi lójú, mo sì balẹ̀ gbì. Oṣù tó ń bọ̀ ni àyẹ̀wò ìlera mi. Àwọn ọmọ mi ní kí n fi fífò sílẹ̀. Ṣé mo ti dàgbà jù ni? Ṣé dandan ni kí n sọ ọ̀rọ̀ oògùn oorun yẹn fún dókítà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín láìfi nǹkan kan bò. Kí n dáhùn ìbéèrè méjèèjì ní ṣókí kí n tó máa tú u palẹ̀. Ẹ kò tíì dàgbà jù. Ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ oògùn náà. Kódà, òun ló wúwo jù lójú tèmi nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti òfin. Àjọ ICAO, tó ń ṣe ìlànà ìrìnnà òfuurufú fún gbogbo ayé, fi ọdún 65 ṣe òpin fún awakọ̀ tó ń gbowó gbé èrò. Ẹni tó ń wakọ̀ fún ìgbádùn ara rẹ̀, wọn kò fún un ní òpin kankan. Iye oṣù tí ìwé ẹ̀rí ìlera rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń dín kù: oṣù 60 kí ó tó pé ogójì ọdún, oṣù 24 lẹ́yìn ogójì, oṣù 12 tó bá ti kọjá àádọ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 24 ni fún gbogbo ẹni tó ti lé ní ogójì, wọ́n sì tún gbé ètò BasicMed kalẹ̀ ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2017, èyí tó gba dókítà ìdílé láyè láti yẹ awakọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 48, tí awakọ̀ náà yóò sì máa ṣe ẹ̀kọ́ ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù 24 síra.

Ohun kan wà nínú gbogbo òfin wọ̀nyí tí àwọn awakọ̀ máa ń gbójú fò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé nǹkan ń ṣe yín, tàbí pé oògùn tó lè dí yín lọ́wọ́ ṣì wà lára yín, ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fò lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ àná ni dókítà fọwọ́ sí ìwé yín. Ọjọ́ kan péré lọ́dún ni àwa dókítà ń rí yín. Gbogbo ọjọ́ tó kù, ẹ̀yin lẹ ń yẹ ara yín wò.

Ó yá, ẹ yí páálí oògùn oorun yẹn sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ó ṣeé ṣe gan-an kí ẹ rí diphenhydramine níbẹ̀, torí òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn oorun àti oògùn ọ̀fìnkìn alaalẹ́ tí èèyàn lè rà láìgba ìwé. Ní ọdún 2014, NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn kan jáde lórí oògùn tí wọ́n bá lára àwọn awakọ̀ òfuurufú tó kú nínú jàǹbá láàárín 1990 sí 2012. Nínú gbogbo oògùn tó lè dín làákàyè awakọ̀ kù, diphenhydramine ló wọ́pọ̀ jù. Kì í ṣe igbó, kì í ṣe kokéènì. Oògùn tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ mú lórí àtẹ ni.

FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí awakọ̀ tó bá lò ó dúró fún wákàtí 60 kó tó fò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹni tó gbé hóró kan mì ní aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́rú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ òfuurufú títí di aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó ń lò ó lálaalẹ́ kò ní ọjọ́ kankan tó lè fò. Ara àgbàlagbà kì í sì tètè fọ oògùn yìí dànù bíi ti ọ̀dọ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tó lò ó kì í mọ̀ pé ọwọ́ òun ti falẹ̀. Ó jí, ó wẹ̀, ó rò pé ara òun le. Àmọ́ tí ilé ìṣọ́ pápá òfuurufú, tó ń darí ọkọ̀, bá fún un ní nọ́ńbà mẹ́ta léra wọn lórí rédíò, méjì ló máa dúró lọ́kàn rẹ̀.

Oògùn yìí kan náà tún ń ba ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yín jẹ́. Ó máa ń sọ iṣan àpò ìtọ̀ di ọ̀lẹ. Ọkùnrin tí prostate rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, ti tóbi ń tiraka tẹ́lẹ̀ láti tọ̀ tán. Tó bá wá gbé oògùn yìí lé e, ìtọ̀ á ṣẹ́ kù nínú àpò, àpò á tún tètè kún, òun náà á tún jí. Ẹ ń lo oògùn kí ìtọ̀ má bàa jí yín, oògùn ọ̀hún sì lè jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń jí yín.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé prostate nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Gbólóhùn kékeré tí ẹ fi sáàárín, pé ẹ ń hanrun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni mo dúró lé. Àìsàn kan wà tí ọ̀fun máa ń dì nígbà tí èèyàn bá sùn lọ, tí èémí á sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ogún, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́pọ̀ ìgbà lóru kan ṣoṣo. Sleep apnea ni àwọn dókítà ń pè é. Bí ọ̀fun ṣe dì, àyà ń fà kíkankíkan láti rí afẹ́fẹ́, fífà yẹn á sì na ògiri yàrá òkè inú ọkàn. Ọkàn á rò pé omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á tú omi ara kan jáde tó ń pàṣẹ fún kíndìnrín pé kó da omi nù. Kíndìnrín á ṣe bẹ́ẹ̀, àpò ìtọ̀ á kún, ẹ ó sì jí. Mo ti rí ọkùnrin tó fi ọdún pípẹ́ lo oògùn prostate, tó sì jẹ́ pé ọ̀fun rẹ̀ ló ń jí i.

Àìsàn yìí kan náà máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì máa ń jẹ́ kó ṣòro láti fi oògùn kan ṣoṣo ṣàkóso rẹ̀. Ẹ wá wò ó: ìtọ̀ òru, híhanrun, ẹ̀jẹ̀ ríru tó gba oògùn méjì, oògùn oorun. Ẹ kọ wọ́n bí ẹni pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbòǹgbò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní.

Ẹ bi ìyàwó yín léèrè lálẹ́ òní. Ṣé híhanrun yẹn máa ń dákẹ́ lójijì, tí ẹ ó wá fa èémí gùdù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ omi? Ẹ̀yin náà, ṣé ẹnu yín máa ń gbẹ tí ẹ bá jí? Ṣé orí ń fọ́ yín láàárọ̀? Ṣé ẹ máa ń tòògbé tí ẹ bá jókòó ka ìwé lọ́sàn-án? Tí ìdáhùn méjì nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí dókítà yín fún yín ní àyẹ̀wò oorun. Ilé lẹ ti lè ṣe é: wọ́n á fi nǹkan kékeré kan sí yín ní ìka, ọ̀já kan yí ká àyà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ imú, ẹ ó sì sùn.

Tó bá wá jẹ́ òun, kò túmọ̀ sí pé fífò ti parí. Ẹ̀rọ CPAP tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé láti inú ìbòjú ló ń jẹ́ kí ọ̀fun wà ní ṣíṣí, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ iye wákàtí tí èèyàn fi lò ó sílẹ̀. FAA fẹ́ rí i pé awakọ̀ ń lò ó fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, nínú ìdá 75 lára ọgọ́rùn-ún àwọn òru rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń fò báyìí lórí ètò yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ìbòjú náà nù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa ń rin èèyàn lójú, imú á gbẹ, afẹ́fẹ́ á máa jò ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ irú rẹ̀ títí ẹ ó fi rí èyí tó bá ojú yín mu. Àwọn aláìsàn mi tó ní sùúrù sábà máa ń padà wá sọ fún mi pé àwọn kò rántí ìgbà tí àwọn ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo tún fẹ́ bi yín léèrè ohun kan tí ẹ kò mẹ́nu bà: báwo lẹ ṣe ń mu omi láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fò? Mò ń bi yín torí pé mo mọ ohun tí àwọn ọkùnrin ọjọ́ orí yín máa ń ṣe. Wọn kì í mu nǹkan kan láti òru mọ́jú, kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n wọ́n lójú ọ̀run. Tí ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá wá jẹ́ irú èyí tó ń mú èèyàn tọ̀, tí oòrùn ń gba inú gíláàsì wọlé sí yín lórí, tí afẹ́fẹ́ òkè sì gbẹ, wákàtí kan ààbọ̀ ti tó kí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín, kí òòyì díẹ̀ sì kọ́ yín nígbà tí ẹ bá yí ọrùn wo ẹ̀yìn kí ẹ tó yà. Àìmumi tún wà lára ohun tó ń fa òkúta kíndìnrín, kò sì sí ẹni tí ìrora rẹ̀ mú tó lè gbé ọkọ̀ balẹ̀ dáadáa. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ gbé ìgò ìtọ̀ tó ní ọmọrí dání, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrìn kan kọjá wákàtí méjì kí ẹ tó balẹ̀. Àkókò tí ẹ ń lo oògùn tó ń mú yín tọ̀, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ ń lò ó, ó lè gbé e sí àárọ̀, òru yín á sì fúyẹ́. Ẹ má fọwọ́ ara yín yí i padà.

Bí wọ́n bá sì fún yín ní oògùn prostate bíi tamsulosin, ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì tí èèyàn bá dìde, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Oògùn tuntun èyíkéyìí, orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀, ara kì í balẹ̀ níwájú dókítà, ó sì máa ń ga sí i níbẹ̀. Ibi tí FAA fi òpin sí ni 155/95, ti Yúróòpù sì jẹ́ 160/95. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín nílé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ mú ìwé náà dání. Dókítà tó bá rí àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì kò ní fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dá yín lẹ́jọ́.

Ó ku ti ojú. Ẹ kò sọ pé ẹ kò ríran; iná tó ń tàn yanran lẹ sọ, ìyẹn sì ń tọ́ka síbì kan. Bí a ṣe ń dàgbà, ihò ẹyinjú kì í ṣí tó bó ti yẹ nínú òkùnkùn mọ́, awò inú ojú a sì máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Iná tó bá kọ lù ú á fọ́n káàkiri dípò kó lọ tààrà. Bí kátáráàtì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè yege àyẹ̀wò ojú pátápátá. Ohun tí ICAO ń bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ fàájì ni 6/12 ní ojú kọ̀ọ̀kan (kí ẹ rí láti mítà 6 ohun tí ojú tó dá ṣáṣá ń rí láti mítà 12) àti 6/9 pẹ̀lú ojú méjèèjì, lẹ́tà dúdú lórí pátákó funfun, nínú yàrá tó mọ́lẹ̀ kedere. Yàrá yẹn kò jọ ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́tọ̀, kí ẹ sọ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ fún mi: iná, ìrọ̀lẹ́, ìbalẹ̀. Ẹ ní kó yẹ bí ojú yín ṣe ń fara da ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n.

Tó bá ní kí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ má fòyà. Iṣẹ́ abẹ kátáráàtì ti dá ọ̀pọ̀ awakọ̀ padà sójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń wakọ̀ òfuurufú kí ó tó yan awò tuntun tó fẹ́ fi sí yín lójú, nítorí pé àwọn awò kan tó ń jẹ́ kí èèyàn rí ọ̀ọ́kán àti ìtòsí papọ̀ máa ń fi òrùka ìmọ́lẹ̀ yí iná ká lóru. Tí awò ojú lásán bá tó, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń jókòó, ẹ wọn ibi tí ojú yín wà dé ibi tí àwọn aago iwájú wà, kí ẹ mú ìwọ̀n náà lọ fún ẹni tó ń ṣe awò. Awò ìkàwé lásán kì í bá ibẹ̀ mu, ẹni tó bá sì ń gbé àgbọ̀n sókè sódò kí ó tó rí aago, òòyì lè kọ́ ọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Awò kejì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọwọ́ yín nínú ọkọ̀. Òfin ni, ọgbọ́n sì ni. Tí èsì bá ti jáde tí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ọ̀sán gangan ni kí ẹ máa balẹ̀ títí ọ̀rọ̀ ojú yóò fi parí. Tí ẹ bá sì padà sí ìrọ̀lẹ́ àti òru lọ́jọ́ iwájú, ẹ rántí pé láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5,000 ni àìtó ọ́síjìn ti ń dín ìríran òru kù, ti ẹni tó ń mu sìgá sì yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ọkàn, kí n má fi gùn. Tí nǹkan bá ń tẹ̀ yín láyà tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, tí èémí bá ń kúrú, tí ọkàn bá ń lù kìtìkìtì láìnídìí, ẹ má fò, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ kọ́ ẹni tó sábà máa ń bá yín jókòó bó ṣe lè pe ilé ìṣọ́ lórí rédíò àti bó ṣe lè mú ìyẹ́ ọkọ̀ dọ́gba. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń kígbe tí gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì bá wọlé; gáàsì yẹn kò lóòórùn, ara páìpù ìgbóná tó bá ti là ló sì ń gbà wọlé.

Ní ti ọpọlọ, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007. Wọ́n fi ọdún mẹ́ta tẹ̀ lé awakọ̀ 118, ẹni ogójì ọdún sí mọ́kàndínláàádọ́rin, lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn àgbà kò ṣe tó àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń lọ, àwọn tí ìmọ̀ wọn nínú iṣẹ́ náà ga jù ni kò fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta pé kí wọ́n má dúró de ìgbà tí òfin ní kí olùkọ́ yẹ wọ́n wò. Ẹ pe olùkọ́ yín ní oṣù mẹ́fà síra, kó pa ẹ́ńjìnnì fún yín ní òkè, kó fún yín ní ìlànà tí ẹ kò retí, kó sì sọ òótọ́ fún yín lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹ ó ṣe ṣe oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má kọ́kọ́ lọ kún fọ́ọ̀mù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn awakọ̀ náà fún ìjíròrò lásán, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ẹni tí wọ́n bá kọ ìbéèrè rẹ̀ kò lè gba ọ̀nà BasicMed mọ́ títí tí yóò fi tún rí ìwé ẹ̀rí gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá sì parọ́ lórí fọ́ọ̀mù náà lè jẹ owó ìtanràn tó tó 250,000 dọ́là tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Bí ọjọ́ ìwé yín bá kọjá nígbà tí ẹ ń dúró de èsì, ẹ jẹ́ kó kọjá. Oṣù mélòó kan lórí ilẹ̀ sàn ju ìwé tí ẹ fi irọ́ gbà.

Oògùn oorun yẹn, ẹ dá a dúró lónìí. Oorun lè má tètè wá ní òru mélòó kan àkọ́kọ́; ẹ fara dà á, ẹ má ṣe fi ọtí dípò rẹ̀, torí ọtí ń mú kí ọ̀fun dì sí i.

Àwọn ọmọ yín kò ṣe ohun tó burú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n lè dì mú. Ẹ fún wọn ní nǹkan: ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní fò títí èsì oorun àti ti ojú yóò fi jáde, pé olùkọ́ yóò kọ́kọ́ bá yín fò, pé ẹ ti yọ ìrọ̀lẹ́ kúrò. Ẹ bá olùkọ́ náà jókòó, kí ẹ jọ kọ ohun tó máa jẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, ní báyìí tí orí yín pé, kí ẹ sì fún àkọ́bí yín ní ẹ̀dà kan.

Tí èsì àyẹ̀wò oorun bá jáde, ẹ kọ̀wé sí mi padà. Ẹ fi orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjèèjì kún un, pẹ̀lú aago tí ẹ ń lò wọ́n, kí n lè sọ èyí tó yẹ kí ẹ bá dókítà yín jíròrò.